Ìgbóná Tó Sá Pamọ́ Sínú Ooru Omi

Oòrùn ló ń mú afẹ́fẹ́ ayé rìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti òkun ló ń kọ́kọ́ gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sókè. Ooru ni Yorùbá ń pe ìgbóná, ooru náà ni ohun tó ń rú jáde lẹ́nu ìkòkò. Ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ níhìn-ín.

Kí kílógíráàmù omi kan tó di ooru omi, yóò gba nǹkan bíi kílójúùlù 2,500. Kílójúùlù 4.2 péré ló ń fi dígírì Celsius kan kún ìgbóná omi kan náà. Èyí ló ń mú omi inú àmù tutù: díẹ̀ tó ń sun jáde lára amọ̀ ń kó ìgbóná ìyókù lọ. Ìgbóná yẹn kò ṣègbé. Nígbà tí ooru omi bá gòkè, tó tutù, tó sì di ẹ̀kán omi nínú ìkùukùu, afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ ni yóò gbà á.

Púpọ̀ nínú ìjì líle tó ń kọlu Kúbà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbì afẹ́fẹ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òkun tó gbóná ju nǹkan bíi dígírì 26 lọ ló ń bọ́ wọn. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, oúnjẹ tán.

Ẹ̀rọ onínàákúnàá ni òfurufú, ká sòótọ́. Ní 1955, Edward Lorenz ṣàlàyé pé ìwọ̀nba kékeré nínú agbára tó wà nípamọ́ níbẹ̀ ló lè di ẹ̀fúùfù. Ìyẹn náà, bó ti ń gbá igbó, òkè àti omi òkun, ń padà di ìgbóná, tí yóò tú jáde kúrò láyé.