Àmì Tí Ń Yí Lójú Fóònù

Bí ènìyàn bá ra ẹran níbi tí a ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, ní Agége, tí ó sì fẹ́ fi fóònù sanwó, iṣẹ́ tí ó rán yóò gba inú afẹ́fẹ́ dé òpó gíga ilé-iṣẹ́ fóònù, yóò sì ti ibẹ̀ dé báǹkì, kí èsì tó padà wá. Ìrìn-àjò yìí kò ṣeé fojú rí. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe áàpù ṣe fi òbìrìkìtì kékeré kan sójú fóònù, tí ń yí bí òkòtó, kí ẹni tí ń dúró lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Jakob Nielsen kọ ọ́ ní ọdún 1993 pé bí èsì bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ, ọkàn ẹni tí ń dúró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ó bá kọjá 10, yóò fẹ́ yíjú sí nǹkan mìíràn. Alápatà tí oníbàárà pọ̀ níwájú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àmì náà lè ṣini lọ́nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi fóònù sanwó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ni ó há sọ́nà. Bí òbìrìkìtì bá ń yí ṣáá láìsọ ohunkóhun, ọlọ́jà kò ní gbà pé owó ti dé. Ẹni tí ó rajà sì lè tún bọ́tìnì tẹ̀, kí owó rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àmì tí ó dára kì í yí nígbà tí iṣẹ́ kò sí. Bí èsì bá sì dé, kíá ni yóò dúró. Bí èsì bá pẹ́ jù, áàpù ní láti sọ ọ́ kedere pé kò tí ì dájú bóyá owó ti lọ, kí ó sì ti bọ́tìnì ìsanwó pa títí báǹkì yóò fi dáhùn.