Àmì tí ó wà lára Fàdákà Àtijọ́

Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà tí àwọn ìyá wa àgbà fi sílẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ní ilé púpọ̀, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ailegun ní ìhà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Nígbà tí a bá ń pín ogún, tàbí tí olùrà bá kan ilẹ̀kùn, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé, “Ṣé fàdákà tòótọ́ ni?” Ẹni tí kò mọ àmì í kà yóò gba iyekíye tí a bá dá lé e.

Àmì pọ̀ lára iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù lọ. Ní ilẹ̀ wọn, a kò gbà kí alágbẹ̀dẹ nìkan jẹ́rìí sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Láti ọdún 1300 ni òfin ti pàṣẹ pé kí a yẹ fàdákà wò, kí a sì lu orí àmọ̀tẹ́kùn sí i lára, kí a tó tà á. Kìnnìún tí ń rìn, èyí tí ó dé ní 1544, ni ẹ̀rí pé 925 nínú 1000 ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ní ti àmì ìlú, orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti London, ìdákọ̀ró ni ti Birmingham (ìlú tí ó jìnnà sí òkun!), adé sì ni ti Sheffield títí di 1974. Lẹ́tà kan dúró fún ọdún tí a yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni àmì alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá wà láìsí kìnnìún, kò tó ẹ̀rí.

Kí a ṣọ́ra fún E.P.N.S. Àwọn kan rò pé orúkọ alágbẹ̀dẹ ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni inú rẹ̀, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a sì fi bò ó.

Ọ̀ràn iṣẹ́ ilẹ̀ wa yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ilé àyẹ̀wò tí yóò lu kìnnìún sí ẹ̀gbà ọwọ́ tí a rọ ní Èkó, tàbí ní Bida, ìlú àwọn Nupe, tí òkìkí àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ kàn. (Nupe ni Oṣòdì Tápà pẹ̀lú, olóyè tí ó kú ní 1868, tí Òṣòdì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.) Owó ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìhà wa sábà máa ń yọ́: ṣílè Gẹ̀ẹ́sì, àti owó ńlá tí ó ní orí Maria Theresa, èyí tí a kọ 1780 sí, ọdún yòówù kí a lù ú. Ṣílè ìgbà náà sì jẹ́ 925 nínú 1000, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kìnnìún wà lára rẹ̀! Ní 1920 ni a dín fàdákà ṣílè Gẹ̀ẹ́sì kù sí 500, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ ṣe owó ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ẹ̀gbà ìyá rẹ̀ di yẹpẹrẹ kìkì nítorí pé kò ní àmì. Bí àgbàlagbà kan nínú ilé bá ṣì rántí ẹni tí ó rọ ọ́, kí a kọ orúkọ náà sínú ìwé kí a sì fi í sínú àpótí, nítorí kò sí ibòmíràn tí a ti lè kà á.

Inú òrùka, ẹ̀bá ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn, àti ẹ̀yìn ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń so mọ́ aṣọ ni kí a ti wá àmì, pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi. Kí a má fi iyanrìn tàbí eérú bó o kí a tó wò ó, nítorí àmì a máa parẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa fàdákà. Ṣùgbọ́n kì í fa idẹ pẹ̀lú, nítorí náà irin nìkan ni ó lè tú fó.