Àwọ̀n Òjò: Èdè-Ìperí fún Ìwádìí Òjò Àkọjá-Ìwọ̀n

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, odò Ògùn kún bo ilé ní agbègbè Máìlì 12 àti Àjẹgúnlẹ̀ ní Kòsọ́fẹ́. Kì í ṣe òjò Kétu nìkan ni ó fà á. Omi ń wọ́ bọ̀ láti òkè odò, a sì tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, tí a ṣí ní ọdún 1983. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgbà tí omi yóò ya wọ Ìkòsì gbọ́dọ̀ mọ bí òjò ibì kan ṣe bá òjò ibòmíràn tan.

Ọ̀nà kan tí a ń gbà mọ èyí ni ìtúpalẹ̀ aláwọ̀n. Àwọ̀n apẹja ni àfiwé rẹ̀. Ibùdó ìwọn-òjò kọ̀ọ̀kan jẹ́ *kókó*. Bí ọjọ́ òjò bá jẹ́ 100, ọjọ́ 5 tí òjò wọn pọ̀ jù lọ ni ọjọ́ *òjò àkọjá-ìwọ̀n*. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní kókó méjì bá ń bọ́ sí àkókò kan náà, tàbí tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ju bí èèṣì ti lè mú un wá lọ, *ìsokọ́ra* wà láàárín wọn. Ní ọdún 2019, Niklas Boers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà yìí hàn pé òjò àkọjá-ìwọ̀n ní ibi tí ó jìnnà sí ara wọn ju kìlómítà 2,500 lè so kọ́ra, nípasẹ̀ ìgbì afẹ́fẹ́ òkè ọ̀run.

Ó yẹ kí olùtumọ̀ yan *ìsokọ́ra* dípò *okùn*. Ẹni tí ó bá gbọ́ *okùn* yóò tètè rántí *okùnfà*, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò méjì lè máa bá ara wọn rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Ẹ̀fúùfù olójò kan náà láti inú òkun lè jẹ́ orísun méjèèjì.

Ó sì yẹ kí a ya *ọ̀gbàrá* sọ́tọ̀ sí *àkúnya odò*. Ọ̀gbàrá ń tẹ̀ lé òjò tí ó rọ̀ níbẹ̀. Àkúnya lè dé nígbà tí oòrùn ń ràn. Bí ìkìlọ̀ bá pe méjèèjì ní *ìkún omi*, ará Ìkòsì yóò gbé ojú sókè wo sánmà, kò ní rí ìkúukùu, kò sì ní kó ẹrù rẹ̀.

Dáàmù, ní tirẹ̀, kì í ṣe kókó nínú àwọ̀n òjò: ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣí i. Ìkìlọ̀ pípé gbọ́dọ̀ dárúkọ òjò, odò àti dáàmù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.