Ìyípadà Èdè láti Ìran dé Ìran ní Ìjọra Badia

Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn kan kúrò níbi tí wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Tíátà Àpapọ̀ sí ní Ìgànmú lọ sí Badia. Níbẹ̀ ni Ìlàjẹ, Ègùn àti Ìgbò ti di aládùúgbò. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a máa ń rí i pé ìyá àgbà ń sọ Ìlàjẹ. Ọmọ rẹ̀ ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò pẹ̀lú Píjìn. Ọmọ-ọmọ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dáhùn.

Òfin Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan nílé-ìwé, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Èrò wa ni pé kí olùkọ́ máa rán ọmọ lọ gba òwe àti orúkọ ẹja lẹ́nu ìyá àgbà. Kí olùdánwò má sì ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè sí àìmọ̀. Èyí tí ìyá àgbà kò bá rí ẹni fún, yóò bá a wọlẹ̀ ni.