Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Jí

Bí ẹ bá dé báǹkì tàbí ọ́fíìsì ìjọba lónìí, kọ̀ǹpútà ni ẹ ó bá lórí tábìlì. Bí akọ̀wé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀." Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí a ń dúró dè é?

Ẹ wo ìyá aláṣọ láàárọ̀. Yóò ṣí ìsọ̀, yóò gbálẹ̀, yóò wò ó bóyá nǹkan pé. Lẹ́yìn náà ni yóò kó aṣọ jáde nínú yàrá, tí yóò pàtẹ. Bí kò bá tíì pàtẹ, kò lè tà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà rí.

Èkíní: Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, iná yóò wọ inú rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ yóò jí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Èkejì: Yóò ka ìlànà kan tí wọ́n ti kọ sínú ègé kékeré kan nínú rẹ̀. Bí iná tilẹ̀ lọ, ìlànà yìí kì í parẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, BIOS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ń lo UEFI dípò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Yóò yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣé RAM, tí í ṣe àtẹ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́? Ṣé bọ́tìnnì ìtẹ̀wé wà níbẹ̀? Bí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn mìíràn a máa dún "píì, píì."

Ẹ̀kẹrin: Yóò wá dísìkì rí. Dísìkì ni yàrá tó ń kó ẹrù sí. Ibẹ̀ ni ètò ńlá tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ wà, bíi Windows. Yóò kó ohun tó nílò jáde wá sórí àtẹ. Ìgbà yìí ló tó ṣetán.

Ẹ kíyè sí èyí o! Bí iná bá lọ lójijì, ohun tó wà lórí àtẹ yóò pòórá. Èyí tó wà nínú dísìkì ló máa ń kù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sínú dísìkì lóòrèkóòrè. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má ṣàdédé já iná. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Shut down sí, kó lè palẹ̀ mọ́, bí ìyá aláṣọ ti ń ṣe nírọ̀lẹ́.

Bí ó bá sì ń jí lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.