Neba-neba: Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Ìfìrógbóyèyọ Kan Nínú Èdè Jàpáànù, àti Ohun tí Olùkọ́ Èdè Lè Rí Kọ́ Níbẹ̀

Ìfáárà

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè pé kí ni "fòò" túmọ̀ sí, kò ní lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Pupa fòò ni à ń sọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni ojúgbà wa tó ń sọ èdè Hausa yóò ṣe fèsì nípa "ja wur". Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni à ń pè ní ìfìrógbóyèyọ: ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń bá wa ya àwòrán ohun tí à ń sọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé ọ̀kan láti inú èdè Jàpáànù yẹ̀ wò, èyí tí í ṣe neba-neba. Èrò wa ni pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti inú èdè mìíràn kọ́ni ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ọwọ́, ẹnu àti ojú mọ̀ nípa rẹ̀ ni a ní láti fi kọ́ni.

Ipò tí neba-neba wà

Àwọn ará Jàpáànù pín irú ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀nà méjì gbòógì. Giongo ni èyí tó ń sín ohun tí etí gbọ́ jẹ, bí ariwo ẹranko tàbí ti òjò. Gitaigo sì ni èyí tó ń ṣàpèjúwe ìrísí, ìṣesí tàbí bí nǹkan ṣe rí lára, bí kò tilẹ̀ dún rárá. Gitaigo ni neba-neba, nítorí ohun tó ń lẹ̀ kì í pariwo. Wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: ìwé atúmọ̀ kan tí Ono Masahiro ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2007, ṣe àkójọ 4500 nínú wọn.

Ìtumọ̀ rẹ̀

Neba-neba ni ohun tó ń lẹ̀, tó sì ń fà bí òwú nígbà tí a bá gbé e sókè. Oúnjẹ mẹ́ta ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni natto, ẹ̀wà sóyà tí a sè, tí a sì bò kí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Bacillus subtilis lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Irú kòkòrò yìí kan náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń sọ igbá di irú nílẹ̀ wa. Èkejì ni tororo, iṣu tí wọ́n rin ní tútù, láti inú ẹbí iṣu kan náà tí ewùrà wa ti wá. Ẹ̀kẹta ni ilá, tí wọ́n ń pè ní okura. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá orúkọ yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì rí i láti inú èdè Igbo. A lè rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ti rìn dé Jàpáànù kí àpilẹ̀kọ yìí tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa natto, wọ́n a ní ó ń "fa òwú". Àwa náà a máa sọ pé ọbẹ̀ ilá ń fà. Ọwọ́ tó gbé ṣíbí sókè ló kọ́ èdè méjèèjì ní ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí neba-neba kì í ṣe

Ìtumọ̀ rẹ̀ yóò túbọ̀ yé wa bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀:

(a) Beta-beta: ohun tó lẹ̀ mọ́ awọ ara tí kò sì fà, bí òógùn tàbí ṣúgà tó yọ́ sí ni lọ́wọ́. Wọ́n tún ń lò ó fún àwọn olólùfẹ́ tí kì í fi ara wọn sílẹ̀ ní gbangba.

(b) Nuru-nuru: ohun tó ń yọ̀ mọ́ ni lọ́wọ́, bí ara ẹja aláwọ̀ yíyọ̀. Yíyọ̀ ló jẹ ẹ́ lógún, kì í ṣe lílẹ̀.

(d) Mochi-mochi: ohun tó rọ̀, tó sì ń ta padà lábẹ́ eyín, bí mochi, oúnjẹ tí wọ́n fi ìrẹsì gún. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "sticky", lè gba ipò mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà.

Ìlò àti ìró rẹ̀

Àpètúnpè kíkún ni neba-neba. Wọ́n lè fi suru, "ṣe", tẹ̀lé e kí ó di ọ̀rọ̀-ìṣe. Wọ́n sì lè fi no so ó mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn rẹ̀ máa ń yí padà: pẹ̀lú suru, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ohùn ti ga, lẹ́yìn náà ni ó wálẹ̀, pẹ̀lú no, kò sí ibi tí ohùn ti já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbátan: nebaru ni kí nǹkan lẹ̀, ó sì tún jẹ́ kí ènìyàn fàyà rán ìṣòro. Ẹni tó jẹ́ nebari-zuyoi kì í tètè juwọ́ sílẹ̀.

Ìró náà ń ṣiṣẹ́. Ní èdè Jàpáànù, kọ́ńsónáǹtì akùnyùn sábà máa ń tọ́ka sí ohun ńlá tàbí ohun tó wúwo: koro-koro ni òkúta wẹ́wẹ́ ń yí, goro-goro ni àpáta ń yí. Ohùn ni Yorùbá fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: rógódó fún ohun kékeré, rògòdò fún èyí tó tóbi.

Ẹ̀kọ́ fún kíláàsì

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ọ̀ṣọ́ èdè lásán ni a ń ka ọ̀rọ̀ ìfìrógbóyèyọ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ a há ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sórí, a gba máàkì, a sì gbàgbé. Bí olùkọ́ ọ̀la bá kẹ́kọ̀ọ́ báyìí, kò ní ní ohun tí yóò fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. A dábàá pé:

(a) kí a mú nǹkan gan-an wá sí kíláàsì. Irú wóró àti irú pẹ̀tẹ̀ láti ọjà yóò kọ́ni ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ;

(b) kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí a lè lo ọ̀rọ̀ náà fún àti ohun tí a kò lè lò ó fún: ewédú ń yọ̀, ọbẹ̀ ilá ń fà, fùfú ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́;

(d) kí a bi ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé rẹ̀. Níbi tí ọmọ Hausa, Igbo àti Yorùbá ti jókòó pọ̀, ohun èlò ìkọ́ni ni èyí, kì í ṣe ìdíwọ́;

(e) kí ìdánwò béèrè ìlò nínú gbólóhùn dípò ìtumọ̀ oníhóró kan.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé neba-neba kò ṣòro fún ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan ilá rí. Ohun tó ṣòro ni láti gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí ọwọ́ ẹni ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, wọ́n sì to ìyàtọ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Tiwa wà lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ta irú àti àwọn tó ń ro ọbẹ̀. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ olùkọ́ ni láti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú gègé àti ìwé, nígbà tí ẹnu wọ̀nyẹn ṣì ń sọ ọ́.