Paul Chambers: Oníbéèsì tó fi ogún rẹ̀ sínú àwo ẹlòmíràn

Ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1969 ni ikọ́ ìfe pa Paul Chambers, ọmọ ọdún 33 péré. Béèsì onígi ńlá, èyí tó ga ju ẹni tó ń ta á lọ, ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú orin jazz. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwo tó fi ara rẹ̀ ṣe olórí ẹgbẹ́ kò ní pẹ́ kà á tán, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kà á mọ́ elégbè lásán. Lójú tèmi, òdiwọ̀n yẹn ò tọ́. Inú àwo ẹlòmíràn ló yẹ ká ti wá ogún rẹ̀, ká sì wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí àwo náà ká ní kò sí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ So What, orin tó ṣíwájú nínú Kind of Blue ti Miles Davis, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1959. Lẹ́yìn tí béèsì àti dùùrù Bill Evans ti jọ rìn jẹ́jẹ́ fúngbà díẹ̀, Chambers dá orin náà. Ó sọ gbólóhùn rẹ̀, ó dákẹ́. Ìró méjì ni dùùrù fi dá a lóhùn. Ó tún sọ ọ́, wọ́n tún dá a lóhùn, kó tó di pé àwọn onífèrè bọ́ sí ègbè: Davis fúnra rẹ̀, John Coltrane àti Cannonball Adderley. Fèrè tó sábà máa ń lé orin ló wá ń gbè, béèsì tó máa ń wà lẹ́yìn ló ń lé. Nígbà tó dé àárín, ó gbé orin náà sókè díẹ̀, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì bá a lọ.

Wọ́n lè ní Davis ló ṣe orin, ohun tí wọ́n ní kó ta náà ló ta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ọlọ́gbọ́n máa gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́? Láti 1955 ni wọ́n ti jọ ń ṣeré, Davis mọ ẹni tó ń yàn. Àwọn yòókù náà mọ̀ ọ́n: òun ló wà nínú Blue Train àti Giant Steps ti Coltrane, òun náà ló wà nínú The Blues and the Abstract Truth ti Oliver Nelson. Kò tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi gba gbogbo wọn sílẹ̀. Coltrane tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe orin kan, Mr. P.C., Chambers fúnra rẹ̀ ló sì ta béèsì inú rẹ̀.

Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti ọrun tó máa ń fi fa béèsì bí onígòjé. Ìró rẹ̀ a máa há nígbà míì, mi ò ní jiyàn. Slam Stewart ti ń ṣe é ṣáájú, tòun ti orin tó ń kùn lẹ́nu. Ohun tí Chambers ń wá yàtọ̀: eré tí onífèrè ń sá ló fẹ́ kí béèsì máa sá. Ẹ fi Yesterdays inú Bass on Top, àwo tirẹ̀ ti 1957, yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí onífèrè kankan nínú àwo yẹn, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni ń wá wọn.